Ó Bọ́, Kò Bẹ́

Dòjé ló mú dání lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá bá wa ní gáréèjì.

Aago mẹ́jọ àárọ̀. Kùrukùru ṣì bo orí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àwọn àlejò ṣì ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn, àwa awakọ̀ mọ́kànlá sì tò yí iná ká, a ń mu tíì. Saruli kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ọkọ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀.

"Ta ni nínú yín ló ń pe ọmọ mi ní apara-ẹni?"

Matbar, alága ẹgbẹ́ wa, da ìyókù tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Kákí, ẹ káàárọ̀ ná."

Kákí là ń pe ìyàwó àbúrò bàbá ẹni lókè níbí, àti gbogbo obìnrin tó bá ti tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ orí.

"Àárọ̀ mi ò kàn ọ́. Ta ni?"

"Ọmọ yín wo lẹ ń sọ?"

"Godambari. Èmi ni mo bí i, odò ló gbé eérú rẹ̀ lọ. Àbí ọmọ mélòó ni àpáta pa fún mi?"

"Àpáta ò pa ẹnikẹ́ni, Kákí," Matbar ní. "Àpáta kì í kúrò lójú kan. Èèyàn ní í rìn lọ bá a."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Saruli sún mọ́ jíìpù Matbar. Ó gbé ẹnu dòjé lé e níbi iná iwájú, ó sì fà á, jẹ́jẹ́, láìkánjú, títí dé ìdí gíláàsì. Ìlà kan. Gígùn, funfun. Etí gbogbo wa hó.

Matbar fò dìde. "Kí lẹ ṣe fún ọkọ̀ mi?"

"Èmi kọ́," ó ní. "Dòjé kì í kúrò lójú kan. Ọkọ̀ ẹ ló rìn wá bá a."

*

Ará Kandoli ni Saruli. Abúlé tó wà nísàlẹ̀ ìlú wa, òrùlé mọ́kànlélógún tó lẹ̀ mọ́ ara òkè bí olú tó lẹ̀ mọ́ ara igi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí wọ́n gbé e wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ọkọ rẹ̀ lọ sí Delhi lọ máa fọ abọ́ nílé oúnjẹ. Ó ń wálé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì. Lẹ́yìn náà, kò wá mọ́. Ọmọbìnrin méjì ló fi sílẹ̀, àti ẹfọ̀n ọ̀sìn kan tí wọ́n ń fún wàrà rẹ̀.

Láràárọ̀ ló ń ru agolo wàrà méjì gòkè wá sí ìlú, wákàtí kan àti àbọ̀ lórí ẹsẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń rà á, àti ìsọ̀ tíì méjì. Tó bá ń padà, á gé koríko. Á di í, á gbé e karí, á sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ẹnu rẹ̀ mú. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Ọmọ-ọ̀dọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan sọ nígbà kan pé ó bu omi lu wàrà. Ó da agolo odindi lé e lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Fi ìka kàn án, kó o lá a. Tó bá jẹ́ omi, á gbẹ. Tó bá jẹ́ wàrà, eṣinṣin á sọ fún ẹ."

Koríko ni ìṣòro rẹ̀. Àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ra ilẹ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n ti mọ odi yí i ká. Ìjọba ti igbó pa. Ibi tó kù fún ẹfọ̀n ò ju ojú àpáta lọ, níbi tí ènìyàn ti ń fi ọwọ́ kan di gbòǹgbò mú, tó ń fi ọwọ́ kejì gé. Lẹ́yìn òjò, koríko ibẹ̀ máa ń ga dé ìbàdí. Ewé igi páìnì máa ń bo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Bó bá gbẹ, ó ń yọ̀ ju epo lọ.

Godambari ni àkọ́bí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti àwọn obìnrin mẹ́ta wà lójú àpáta. Àwọn mẹ́ta padà sókè. Akọ̀wé ilẹ̀, tó tún ń ṣe ọlọ́pàá fún wa lókè níbí, wá wo ibẹ̀. Ó kọ ìlà mẹ́rin: ó ń gé koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó bọ́, ó kú. Ó ká ìwé náà, ó lọ.

Ó bọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé nìyẹn.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ṣe yí i padà.

Òyìnbó ló tẹ Buranskhal, ìlú wa, dó, kí wọ́n lè máa sá ooru wá síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ là ń jẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ní fèrèsé aláràbarà. Ibojì wọn, níbi tí ọ̀gágun kan sùn sí pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ilé ìkàwé tí kò sẹ́ni tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àgbàlá tí àwọn ológun wọn ti ń fọn fèrè lọ́jọ́ Sátidé. Orí òkè tí wọ́n ti ń yìnbọn láago méjìlá ọ̀sán. Àti omi kan tó ń já bọ́ láti ara òkúta, tí kò pọ̀ ju omi ìwẹ̀ ọmọ lọ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Póìntì là ń pè wọ́n. Póìntì mẹ́fà.

Dhanaur, ìlú kejì lẹ́yìn òkè, ní méje.

Àlejò kì í béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Iye ló ń béèrè. Á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, á na ara, á ní, "Mélòó?" A ní, "Mẹ́fà." Á ní, "Wọ́n ní méje ni ti Dhanaur." Á sì padà sínú bọ́ọ̀sì.

Matbar ló sọ ọ́ níbi ìpàdé. Ó ní gbogbo ìlú òkè tó bá mọyì ara rẹ̀ ló ní ibi tí ìró ohùn ti ń padà, ibi tí wọ́n ti ń wo oòrùn wọ̀, àti Póìntì Para-Ẹni. A ní ìró ní àgbàlá ológun. A ní oòrùn lórí òkè ìbọn. A ò ní ẹni tó para ẹ̀.

"Ìtìjú ni," Matbar ní.

Ó ti rí àpáta kan. Ọ̀nà ọkọ̀ dé ibẹ̀. Èèyàn ń rí òkè oníyìnyín láti ibẹ̀, tí kùrukùru bá gbà. Ìtàn ló kù. Ẹnì kan rántí pé ọmọbìnrin kan kú níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ náà ti ní olólùfẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, olólùfẹ́ ti di sójà. Kí oṣù tó parí, lẹ́nu àwọn kan nínú wa, sójà ti di ọ̀gá òyìnbó, bẹ́ẹ̀ òyìnbó ti lọ kí wọ́n tó bí ìyá ọmọ náà. Èmi fi okùn pupa kún un. Mo ní ó so okùn pupa mọ́ igi páìnì kó tó bẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ó bẹ́. Láàárín "ó bọ́" àti "ó bẹ́", ìró kan péré ló yàtọ̀. Ahọ́n ò ní ṣe wàhálà kó tó gbé e.

Àwọn àlejò fẹ́ràn okùn yẹn. Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í so tiwọn. Láàárín ọdún kan, igi páìnì yẹn ti pupa láti ìdí dé ibi tí ọwọ́ lè tó. Akunlé kan kọ pátákó fún wa lédè òyìnbó, ó fi nọ́ńbà keje sí i.

Saruli kò mọ ìwé. Ó ń rí ọkọ̀, ó rò pé yìnyín ni wọ́n ń wá wò. Ó rí okùn pupa, ó rò pé abo-òrìṣà òkè ni àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti wá mọ̀ níkẹyìn. Ó ya etí aṣọ rẹ̀ kan tó pupa, ó so ó mọ́ igi náà lọ́jọ́ kan tó ń lọ. Ó tọrọ ọkọ rere fún Rukma, ọmọ rẹ̀ tó kù.

Láti ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ èyí. Ó pariwo rẹ̀ mọ́ mi lójú títì.

*

Ọkọ rere yọ. Ọmọ Bakhtawar Singh, àgbẹ̀ kan ní àfonífojì kejì. Ọmọkùnrin náà ń kọ̀wé fún àwọn ológun. Bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti àbúrò ìyá rẹ̀ wá wo Rukma ní Kandoli. Wọ́n jẹun. Wọ́n béèrè ẹbí. Saruli sọ fún wọn pé àkọ́bí òun kú níbi tó ti ń gé koríko. Wọ́n káàánú. Wọ́n gbà. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù Mangsir, nígbà tí ìkórè bá ti parí.

Bọ́ọ̀sì wọn ò ní lọ títí di ọ̀sán. Ìyá ọkọ ní òun ò dé Buranskhal rí, kí àwọn wo ìlú díẹ̀.

Ọkọ̀ mi ni wọ́n wọ̀.

Mo mú wọn káàkiri. Wọ́n bọ́ bàtà kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo rántí èyí. Nígbà tí a dé ìkeje, mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́. Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀. Mo ní, "Abúlé tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ni ọmọ náà ti wá."

Ìyá ọkọ ní, "Kandoli?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Kí lorúkọ ọmọ náà?"

Mo sọ orúkọ náà fún un. Mo tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, torí pé ibẹ̀ làwọn obìnrin ti máa ń sunkún.

Kò sunkún. Ó padà sínú ọkọ̀. Mo já wọn sílẹ̀ níbi bọ́ọ̀sì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí wọ́n rán dé Kandoli. Ẹ ní ó bọ́. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó bẹ́. Ẹni tó lè fi èyí pa mọ́, kí ló kù tí kò fi pa mọ́? Kí ẹ wá ọkọ síbòmíràn.

Síbòmíràn dà? Ọ̀rọ̀ ń rìn ju bọ́ọ̀sì lọ lórí òkè. Bí Bakhtawar bá kọ Rukma torí èyí, kò sí ilé tó máa gbà á mọ́.

Ìyẹn ló gbé dòjé wá sí gáréèjì.

*

Ohun tí Saruli fẹ́ ò pọ̀. Kí Matbar lọ bá Bakhtawar Singh, kó sọ fún un pé irọ́ ni.

"Kí n lọ sọ pé mo purọ́?" Matbar ní. "Níbi iṣẹ́ mi?"

"Ṣé òótọ́ lò ń tà tẹ́lẹ̀ ni?"

"Kákí, tí mo bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, gbogbo wọn á gbọ́. Méje á di mẹ́fà. Àwọn tó wà níbí yìí ní ọmọ."

"Èmi náà ní ọmọ. Mo ní méjì. Ọ̀kan kú lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì ń pa á lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́."

"Ta ló mọ̀?" Balbir ní láti ẹ̀yìn. Òun ni aláwàdà wa. "Ṣé ẹ wà níbẹ̀? Bóyá ó bẹ́ lóòótọ́."

Saruli yí sí i.

"Ìwọ," ó ní. "Mo fún ìyá ẹ ní wàrà nígbà tí ọmú rẹ̀ gbẹ. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá fún ajá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín síyẹn, àfi Balbir fúnra rẹ̀, díẹ̀.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìgbẹ́ ẹfọ̀n kún ibi tí àwọn àlejò ti ń dúró ya fọ́tò. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ. A kó o dànù. Lọ́jọ́ kẹta, mẹ́wàá. Ilẹ̀ abúlé ni ilẹ̀ náà, a ò lè fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹrin, pátákó pòórá. Rukma fi í ṣe ilẹ̀kùn ilé ẹfọ̀n, ọ̀rọ̀ òyìnbó orí rẹ̀ kọjú síta. A ní kí akunlé kọ òmíràn.

Àwa náà ò sùn. Matbar lọ bá àwọn hòtẹ́ẹ̀lì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa là ń kó àlejò wá fún wọn, a sì lè kó wọn lọ síbòmíràn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó ra wàrà Saruli mọ́. Ìsọ̀ tíì méjèèjì tẹ̀ lé wọn. Mo rí Rukma tó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agolo méjèèjì, wọ́n kún síbẹ̀. Balbir fọn fèrè ọkọ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Rukma, ṣọ́ra, má lọ bẹ́ o."

Rukma kò wò ó. Ó gbé agolo kan sílẹ̀, ó mú òkúta, ó fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó gbé agolo rẹ̀, ó ń lọ. Ìyá rẹ̀ ló jọ.

Ọjọ́ ń lọ. Oṣù kan péré ló kù kí Mangsir wọlé.

*

Saruli lọ bá Bakhtawar Singh fúnra rẹ̀. Odindi ọjọ́ kan lórí bọ́ọ̀sì. Bakhtawar ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, nínú ọkọ̀. Ó ní àwọn ò fún un níjòókòó. Ó ní kò bẹ̀bẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mi ò ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ wá wo ibi tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Túsìdé ni mo máa gé koríko ibẹ̀." Ó sì yí padà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi wá?" mo bi í.

"Ọmọ mi ò jẹun," ó ní. "Ó ti rí ọmọbìnrin yẹn. Ó ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn."

Ọjọ́ Túsìdé yẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò wo àwọn awakọ̀ tó ń pè é, ó wá tààrà bá mi.

"Ìwọ náà ni."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ṣé póìntì méje la máa wò?"

"Mú mi lọ sí ìkeje."

Ọkọ̀ Matbar ti wà níbẹ̀ ká tó dé. Ó mú tọkọtaya ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ kan wá, ọkùnrin náà gbé kámẹ́rà kọ́rùn, ìyàwó rẹ̀ dé fìlà onírun tí wọ́n ń háyà ní gáréèjì. Matbar ti dé ibi sójà. Ó rí Bakhtawar, kò dá a mọ̀, ó ń bá ìtàn rẹ̀ lọ.

"Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọmọ náà wọ aṣọ ìyàwó rẹ̀..."

Ohùn kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣàrà. Ṣàrà. Dòjé.

Gbogbo wa lọ sí bèbè.

Saruli ló wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, bí ìwọ̀n ọ̀pá mẹ́fà sí wa, lójú àpáta. Ibi tó tẹ ẹsẹ̀ lé ò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fi ọwọ́ òsì di ìdí koríko mú. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gé. Okùn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdì koríko ló wà fún, kì í ṣe òun. Ẹni àádọ́ta ọdún. Lábẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́. Lábẹ́ afẹ́fẹ́, òrùlé Kandoli, wínníwínní.

Obìnrin onífìlà bo ẹnu. "Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ó ń gé koríko," Matbar ní.

"Níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni koríko wà, Màdáámù. Fún ẹfọ̀n wọn ni."

Mo wo Bakhtawar. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Saruli gbé ẹsẹ̀. Ibi tó máa gbé e lé ni ewé páìnì bò. Mo rí ewé náà tó ń yọ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹní tí ẹnì kan fà. Òkúta kéékèèké ta lọ. A ò gbọ́ ibi tí wọ́n balẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà. Koríko tó dì mú nà pẹ̀lú rẹ̀.

Matbar ti wà lórí ikùn rẹ̀. Èmi ò rí ìgbà tó dojúbolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nà sísàlẹ̀, kò lè tó o, ohùn rẹ̀ sì dà bí ohùn ọmọdé.

"Kákí, ẹ rọra. Ẹ dì í mú. Ẹ má wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó bọ́ o. Kákí, ẹ ó bọ́."

Ẹsẹ̀ Saruli rí òkúta. Ó dúró. Ó mí. Ó gé koríko tó kù ní ọwọ́ rẹ̀, ó kì í bọnú ìdì. Ó so okùn. Ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè.

"Kí lo wí?"

"Mo ní ẹ máa gòkè bọ̀."

"Ṣáájú ìyẹn."

Matbar di bèbè mú.

"Tún un wí. Mi ò gbọ́ dáadáa. Atẹ́gùn pọ̀ níbí."

"Mo ní ẹ ó bọ́."

"Bọ́."

"Ẹ ó bọ́, Kákí. Ẹ jọ̀ọ́."

"O ò ní kí n má bẹ́?"

Matbar gbé ojú sílẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ kan òkúta.

"Mo kúkú wà níbi tí ọmọ mi wà," Saruli ní. Kò pariwo. A ń gbọ́ ọ dáadáa. "Mo mú ohun tó mú. Kò sí ẹni tó rí mi tí ẹnu rẹ̀ ò sọ bọ́. Ìwọ tó o ti ń sọ bẹ́ láti ọdún méjì, nígbà tẹ́rù bà ẹ́, kí lẹnu ẹ sọ?"

Ọkùnrin oníkámẹ́rà yí sí wa. "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni òótọ́? Ọmọ yẹn bẹ́ àbí kò bẹ́?"

Ó ń ka ìka rẹ̀.

"Tó bá jẹ́ pé kò bẹ́," ó ní, "a jẹ́ pé mẹ́fà lẹ mú wa wò. Méje lẹ ṣèlérí fún wa."

Bakhtawar Singh yí sí mi. "Ìwọ. O sọ fún ìyàwó mi pé ó so okùn pupa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló rí i?"

"Kò sẹ́ni tó rí i. Èmi ni mo fi kún un."

"Èmi wo?"

"Èmi yìí."

Ó gbá mi létí. Ẹ̀ẹ̀kan, tìfarabalẹ̀, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ orí bàbá mi ni. Mo gbà á.

Saruli gòkè. Matbar na ọwọ́ sí i nígbà tó dé bèbè. Ó wo ọwọ́ náà, ó sì gbé ìdì koríko rẹ̀ àkọ́kọ́ lé e, ó fi í rọ́ Matbar sẹ́yìn kó lè ráyè gun òkè. Ó fa ìdì kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀jẹ̀ wà ní orúnkún rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó ń yọ ewé páìnì kúrò nínú irun.

"Ìyá Rukma," Bakhtawar ní.

"Ẹ ti rí i?"

"Mo ti rí i."

"Ẹ ò ní ìbéèrè?"

"Rárá."

"Ó dáa." Ó dìde. Ó gbé ìdì kan karí. Ó fi ẹsẹ̀ ti èkejì sí iwájú Bakhtawar. "Ẹ gbé ìyẹn. Mi ò lè ru méjì sọ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún yìí, ẹfọ̀n ò sì tíì jẹun."

Matbar gbójú sókè. Èmi náà. Bàbá ọkọ kì í ru ẹrù fún ilé ìyàwó lọ́dọ̀ wa. Omi gan-an, ilé ìyàwó ló ń bù ú fún un. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Ó lè jẹ́ pé orúnkún ń dùn ún ni.

Bakhtawar Singh tú láwàní rẹ̀, ó fi í ṣe òṣùká, ó tẹ̀ba. Ó gbé e. Koríko bo ojú rẹ̀ dé imú. Wọ́n gba ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kandoli, obìnrin níwájú, òun lẹ́yìn. Saruli ò bojú wẹ̀yìn wò wá.

*

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà ní Mangsir, lọ́jọ́ tí wọ́n dá.

Àwa àti Saruli ò padà rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Matbar lọ tọrọ àforíjì ní Kandoli. Nígbà àkọ́kọ́, ó mú súìtì dání. Saruli jẹ́ kó dúró lágbàlá títí tíì tí ẹnikẹ́ni ò bù fún un fi tutù nínú ìkòkò. Nígbà kejì, ó sọ fún un láti ojú fèrèsé pé, "O ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ lójú àpáta, mo sì gbọ́. Èyí tó kù, sọ fún ẹni tó kú."

Ó tún ń ta wàrà. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì wá bẹ̀ ẹ́. Ó gbà fún méjì, ó kọ ẹ̀kẹta, kò sọ ìdí. Bí mo bá kí i lójú ọ̀nà, ó ń kọjá. Ọdún keje rèé.

Ọjọ́ ìgbéyàwó, a nu ọkọ̀ wa. Mọ́kànlá. A fọ̀ wọ́n láti òru, Balbir so òdòdó aláwọ̀ ọsàn mọ́ iwájú tirẹ̀. Ẹbí ọkọ máa ń háyà ọkọ̀ láti ibi tí bọ́ọ̀sì dúró sí dé abúlé ìyàwó, kò sì sí gáréèjì míì ní ìlú yìí. A tò wọ́n. A dúró.

Aago mẹ́wàá, a gbọ́ fèrè. Ọkọ̀ mẹ́sàn-án. Ti Dhanaur ni gbogbo wọn. Wọ́n ti gba ẹ̀yìn òkè wá láti òwúrọ̀, ọ̀nà tó jìn ní ìlọ́po mẹ́ta. Àwọn awakọ̀ wọn mọ̀ wá. Wọ́n sún gíláàsì sísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tẹ fèrè láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ìdí ibojì òyìnbó, wọ́n sì rọra ń lọ, kí gbogbo ènìyàn lè rí wọn.

"Ọ̀nà kúkúrú wà nísàlẹ̀," Balbir ní. "Kí ló dé tí wọ́n gba inú ìlú?"

"Ìyá ìyàwó ló júwe ọ̀nà fún wọn," Matbar ní.